Ọjọ́ Tí Wolé-Wolé Dé Abà Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá tó bí bàbá mi yìn mí pé mo gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé abà wa ná, kí ẹ lè mọ irú ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Abà wa kò ju ilé mọ́kànlá lọ. Bí èèyàn bá gba àárín oko kòkó, bíi máìlì méjì ni sí Lálúpọn, níbi tí ọjà wà, tí ilé-ìwé wà, tí ọkọ̀ ojú irin sì máa ń dúró. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí bí ayé oko ṣe rí nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti gbé ìkòkò lọ sódò. Bí a bá dé, a ó gbá ojúde, a ó kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn èyí ni a ó tó rí ẹ̀kọ gbígbóná mu. Gàrí ni ìyá mi ń din tà. Òórùn ẹ̀gẹ́ àti èéfín máa ń bá mi dé inú kíláàsì, àwọn ọmọ Lálúpọn a sì máa di imú bí mo bá fẹ́ jókòó tì wọ́n. Èmi náà kì í gbà fún wọn. Mo máa ń fi aṣọ mi nù wọ́n lójú.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni àṣẹ ilé. Obìnrin kúkúrú ni, ó pupa, ohùn rẹ̀ kò sì pọ̀. Kì í na ọmọ. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, ńṣe ni yóò ní kí o bẹ̀rẹ̀ níwájú òun, kí o fi ìka kan kanlẹ̀, kí o gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Òun náà yóò wá máa pa èkùrọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí ọ mọ́. Bí ìyá mi bá wá bẹ̀ ẹ́, a ní, "Ẹgba kì í pẹ́ tán lára. Jẹ́ kí èyí wọ̀ ọ́ létí." Ìyá mi kì í bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ó dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn padà.

Àwa méjì ni òbí wa bí nígbà náà, èmi Mutíátù àti àbúrò mi Ràfátù. Mo jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun kò ju márùn-ún lọ. Bojúbojú ni eré rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí ó bá sá pamọ́ sí, ẹ̀rín rẹ̀ ni yóò tú u fó. Kò tíì sí ẹni tó ń wá a tí ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí ètè gbogbo wa ń là, tí a ń fi òrí pa á. A gbọ́ pé ilẹ̀ gbígbóná ti wọ abà kan ní òdìkejì odò. Ṣọ̀pọ̀ná ni orúkọ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń rí fún un nínú ìwé. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ gbangba. Wọ́n ní bí o bá pè é, yóò dá ọ lóhùn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí kánsù fi rán alágogo sí wa. Ó ní ẹni tí kò bá ní àpá bupá ní èjìká kò gbọdọ̀ wọ ọjà Lálúpọn mọ́. Ó ní wolé-wolé ń bọ̀ láti wá bupá fún tọmọdé tàgbà, kí oníkálukú kó gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi ọmọ pamọ́, kóòtù ni yóò bá ara rẹ̀. Ilé tí àrùn bá wọ̀, wọn yóò ta aṣọ pupa mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sun ẹní àti aṣọ aláìsàn, wọn yóò sì gbé aláìsàn lọ sí ilé àdádó tí wọ́n kọ́ sínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ó lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọjá sí abà tó kàn. Kò dúró gbọ́ ìbéèrè kankan.

Ẹ̀rù wá ba gbogbo abà. Àwọn kan ní ohun kan ṣoṣo ni kánsù ń wá, pé orí wa ni wọ́n fẹ́ kà kí wọ́n lè bu owó orí tuntun lé wa. Àwọn mìíràn kó ọmọ wọn lọ sí oko etílé. Àwọn Aládùúrà tó wà ní ilé ìsàlẹ̀ ní omi àdúrà tó àwọn. Ìyàwó kan ní ilé kejì sí tiwa ti gba bupá lọ́jà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú bupá náà kí oògùn rẹ̀ lè jáde. Igbe tí ó ké, a gbọ́ ọ dé ìdí odò. Àwa ọmọdé fi í ṣe eré fún ọjọ́ mélòó kan.

Wọ́n ti bupá fún èmi ní ilé-ìwé ṣáájú. Wọ́n tò wá sí ìlà, wọ́n kán oògùn sí wa ní èjìká, wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Ó wú, ó di egbò, mo sì rí ohun tí mo fi yẹ omi pípọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò jẹun dáadáa títí egbò náà fi gbẹ. Kí wọ́n tó bí bàbá mi, ó ti bí ọmọkùnrin kan rí. Wọ́n bupá fún ọmọ náà, apá rẹ̀ kẹ̀, ó wú dé ọrùn, kò sì lò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ní kí wọ́n mú Ràfátù jáde, Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀.

Ó ní, "Mo ti fún ìjọba ní ọ̀kan. Ó tó."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wolé-wolé máa dé, bàbá mi lọ sóko rẹ̀. Ìyá mi di gàrí rẹ̀, ó ń lọ sọ́jà. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi.

"Mutíátù, bí wọ́n bá dé, mú Ràfátù jáde sí wọn. Má dúró de ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo gbọ́.

Oòrùn kò tíì ga tí a fi gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ wọn láti inú oko kòkó. Ìyá Àgbà pè mí wọ yàrá, ó fi dùndú méjì lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n mú àbúrò mi lọ sínú àká, kí n fún un jẹ, kí n má sì jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo dúró. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ nìkan ti tó, mo fa Ràfátù lọ́wọ́.

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó rò pé eré ni. Mo fi àpò kòkó bò ó, mo sì sọ fún un pé bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó ti jẹbi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀ mú, dùndú sì wà nínú ẹnu náà.

Mẹ́ta ni wọ́n, wolé-wolé méjì nínú ṣòkòtò kaki, àti akódà kan láti kóòtù. Èyí tó ṣáájú ṣí ìwé kan, ó bèèrè bóyá ọmọ wà nínú ilé wa. Ìyá Àgbà kọjú sí èmi.

Mo ní, "Èmi nìkan ni, sà." Mo sì ká aṣọ mi kí ó lè rí àpá.

Ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ilẹ̀kùn wa, wọ́n kọjá. Ìyá Àgbà kò fún wọn láyè láti bupá fún òun náà. Ó ní òun ti gbó kọjá èyí, wọn kò sì bá a jà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbá mi mọ́ra. "Ọmọ mi gbọ́n," ó ní. Ọ̀sán ọjọ́ náà, orí ẹja tí ó máa ń jẹ́ ti bàbá mi, èmi ni ó bù ú fún. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá ọwọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi dé. Kò tíì sọ ẹrù tí ó fi ká apá aṣọ Ràfátù wò. Ìyá Àgbà ní oògùn wọn ti tán kí wọ́n tó kan ilé wa, pé wọ́n ń padà bọ̀. Ìyá mi wò mí. Mo wo iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó iyọ̀ àti ẹja jáde nínú agbọ̀n rẹ̀.

Oṣù kan kò pé tí ara Ràfátù fi gbóná. Bàbá mi gba omi hàǹtú lọ́wọ́ àlùfáà, a fi wẹ̀ ẹ́, a fún un mu. Ní ọjọ́ kẹrin, nǹkan náà yọ sí i lójú. Ní ọjọ́ kẹfà, aṣọ pupa ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mi ò mọ ẹni tó lọ sọ fún kánsù. Ọkọ̀ wọn kò lè wọ abà, nítorí náà wọ́n gbé Ràfátù sórí ẹní, ọkùnrin kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ìyá mi fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Wolé-wolé wo inú rẹ̀ tó ti yọ, ó mi orí. Ó ní kí aboyún má ṣe dé ibẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun ni yóò lọ.

"Ṣé ẹ ní àpá, ìyá? Ẹni tí kò bá ní àpá kò lè lọ."

Ìyá Àgbà ká apá bùbá rẹ̀ dé èjìká. "Bupá fún mi."

Wolé-wolé ní oògùn náà kò lè tètè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé àrùn náà lè mú wọn kí ojú bupá tó jiná.

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Mo ní kí o bupá fún mi, kí n tẹ̀ lé ọmọ mi."

Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà kàn án, kò gbé ojú kúrò lára ẹní tí Ràfátù wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, wolé-wolé kan náà padà wá. Kò wọ ojúde. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ti sin Ràfátù. Kò sí ẹni tó wẹ òkú rẹ̀, kò sí àlùfáà tó kírun sí i lára. Bàbá mi ṣe àlùwàlá, ó dúró sí ojúde, ó kírun síwájú ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nígbà náà, a kì í sunkún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá pa. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kí á máa dá, kí ó má bàa tún padà. Àwọn aládùúgbò dúró lókèèrè, wọ́n ń ké sí ìyá mi pé, "Ẹ dúpẹ́ o." Ó ń dá wọn lóhùn pé òun dúpẹ́. Gàrí ló ń din lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ jóná nínú agbada, ó dúdú bí èédú, ó sì ń rò ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ìyá Àgbà padà wálé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀. Àrùn náà kò mú un. Ó gbẹ, apá rẹ̀ sì ní egbò ńlá. Ó jókòó síwájú ìyá mi lórí ilẹ̀, ìyá ọkọ níwájú ìyàwó, ó ní ojú Ràfátù ti wú pa pátápátá ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn, pé ìyá rẹ̀ ni ó ń ké pè.

"Mo yí ohùn mi padà," ó ní. "Mo ní, 'Èmi rèé, Ràfá. Ìyá rẹ rèé.' Ó dì mí mú. Ìwọ ni ó dì mú tí ó fi sùn."

Ìyá mi dìde, ó gbé omi gbígbóná fún un kí ó fi wẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sódò, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa. Mo rò pé yóò lù mí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo lè mú un lọ sí díspẹ́ńsárì fúnra mi ní ọjọ́ kejì. Ojú ìyá ọkọ mi ni mò ń wò." Ó ní kí n pọn omi mi, kí á máa lọ.

Nígbà tí ìyá mi bí ọmọkùnrin, Ìyá Àgbà kò dúró de alágogo. Òun fúnra rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ sí Lálúpọn, ó sì dúró lórí ìlà láti òwúrọ̀. Báyìí ni ó ṣe fún gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò yìn mí mọ́ títí ó fi kú, èmi náà kò sì fẹ́ kí ó yìn mí.

Ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Àrùn yẹn ti parẹ́ láyé, àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ wolé-wolé. Lásìkò kòrónà, ọmọbìnrin méjì wá láti kánsù sí ilé mi, wọ́n gbé kúlà oògùn dání. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Kò sí akódà, kò sí ọ̀rọ̀ kóòtù. Àwọn ọmọ mi ti sọ fún wọn pé mo kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn fa àpótí kan, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Mama, kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù? Ẹ sọ fún wa, a máa gbọ́."

Mo ronú kan ọkùnrin tó ṣí ìwé lójúde wa. Ká ní ó jókòó ni. Ká ní ó bi Ìyá Àgbà léèrè ohun tí ó ṣe ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó sọ. Ó ṣeé ṣe kí n má ní irọ́ kankan láti pa. Mo fẹ́ dá ọmọ náà lóhùn, ṣùgbọ́n omi ló ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dá a dúró.

"Ẹ má sunkún, Mama," ó ní. "Kì í dun ni tó bí ẹ ṣe rò."

Mo jẹ́ kí ó rò pé abẹ́rẹ́ ni. Mo ká apá aṣọ mi fún un.