Ìka Ẹsẹ̀ Méjì Tí Mo Fi Sílẹ̀

"Ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ilé Olúwa?" Èmi ni mo bèèrè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìbínú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà tí mo rí ipa ẹsẹ̀ pupa lórí ẹní ìjọ wa ní Etíkan, ìlú wa tó wà lórí omi. Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ni. Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, a kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rin afárá pákó láti ilé, ìṣó kan sì ti wọ abẹ́ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn gan-an ni àìsàn náà, ṣùgbọ́n mo kà á sí oore-ọ̀fẹ́.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí láti kọ ohun tó tẹ̀ lé e. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ta òróró àdúrà sójú egbò. Wòlíì wa, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mò ń tọ̀ léraléra, mo ní ààwẹ̀ ni. Nígbà tí òórùn kan gba ilé, mo bá ìyàwó mi, Ìyá Mofẹ́, wí pé ẹja tó ń yan ti bàjẹ́.

Ó dúró, ó wò mí. "Bàbá Mofẹ́, ẹja mi kò rùn. Ẹsẹ̀ yín ló ń rùn."

Ìka méjì ti dúdú bí èédú.

Ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn lórí ilẹ̀. Wọ́n ní kí n gba káàdì. Ẹni tó ń fúnni ní káàdì ti lọ jẹun. Nígbà tó dé, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń wọn ìfúnpá bèèrè káàdì. Mo fẹ́ bú u. Mo rántí pé alàgbà ìjọ ni mí. Mo bú u níwọ̀nba.

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ṣàlàyé. Àtọ̀gbẹ ni: ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ti ń kú.

"Bàbá, ìka méjì lónìí, tàbí odindi ẹsẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹ̀mí ni."

Mo ní mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún mi, mẹ́wàá ni n ó gbé padà fún un. Gbólóhùn náà dùn létí ara mi. Dókítà jáde.

Ìyá Mofẹ́ kò pariwo. "Lọ́dọọdún lẹ ń wàásù fún wa pé ẹ̀rù ba Jésù nínú ọgbà, tó sì làágùn. Ta ló wá ní kí ẹ̀rù má ba ẹ̀yin? Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà yín, ẹ wá wọ sùtánà fún un."

Inú bí mi, nítorí òótọ́ ni. Mo kọjú sí ògiri, mo gba àdúrà tí n kò gbà rí lójú ìjọ: Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ohùn, kò sí ìran. Ẹ̀rù náà kò lọ. N kò kàn ní láti fi í pamọ́ mọ́. Mo bèèrè ìwé iṣẹ́ abẹ, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gé ìka méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Oṣù bíi mẹ́rin ni egbò fi jinná, mo sì fi í bínú sí gbogbo ohun tó lè rìn. Oògùn lójoojúmọ́, gààrí níwọ̀nba, bàtà nígbà gbogbo. Sùtánà mi wà nínú àpótí; ẹ̀yìn ìjọ ni mò ń jókòó báyìí. Wòlíì wá wò mí. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi títí, ó ní, "Èmi náà ń tọ̀ jù."

"Gbéra," mo ní, "ọkọ̀ ń lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọgbẹ́ kò bá dùn yín, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ lọ fi hàn wọ́n nílé ìwòsàn. Ara yìí gbé mi láti ìgbà èwe, n kò sì bojú wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí, láràárọ̀, Ìyá Mofẹ́ a gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, a máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò. N kì í mọ ọwọ́ rẹ̀ lára, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bó bá ti ní, "Ó mọ́," mo ti gbàdúrà òwúrọ̀ mi tán.