Kẹ̀kẹ́ Onígíà Mẹ́wàá

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé mi sí, bàbá mi nìkan ló ní kẹ̀kẹ́ onígíà ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kẹ̀kẹ́ ju èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo èèyàn ń gùn nígbà náà, irin eléyín kan ló wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣéènì so wọ́n pọ̀, ó parí. Ti bàbá mi ní méjì níwájú àti márùn-ún lẹ́yìn, tí ṣéènì ń fò láti orí ọ̀kan sí orí èkejì. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo gíà rẹ̀.

Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ìgbà náà kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ronú, ó ṣe òfin tirẹ̀: òkè gíga, gíà gíga. Ó rò pé bíi kíláàsì ni gíà rí, pé ìkẹwàá ló yẹ ọ̀gá. Ẹni tó bá ti gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé gíà kékeré ni wọ́n fi ń gun òkè. Ìlú wa sì rèé, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. Bàbá mi á wà lórí gíà kẹwàá, itan rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bo kọ́là rẹ̀, ìyá arúgbó tó ru igi á sì rọra kọjá lára rẹ̀: "Tíṣà, ẹ kú eré o."

Bàbá àgbà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tó máa ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú gírísì ní èékánná, ló ń bá a to ṣéènì náà ní gbogbo ìgbà tó bá já bọ́.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n tú gbogbo irin wọ̀nyí dànù. Irin eléyín kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, màá gé ṣéènì ẹ̀ kúrú. Egungun kẹ̀kẹ́ yìí fúyẹ́, ẹ ó gbádùn ẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ mọ iye ọdún táwọn tó ṣe é fi kàwé?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gun òkè wa rí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń káàánú òpè, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ọpọlọ rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Ó yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó lókìkí. Ó wá ku kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá wa ní kí wọ́n tètè fẹsẹ̀ rìn. Bàbá mi ní ọmọ òun kò ní fẹsẹ̀ rìn wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n dé ìdajì òkè tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, bàbá mi rí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àwọn àti ọmọ wọn ń fẹsẹ̀ rìn. Ó fa gíà kẹwàá lójú wọn, ó sì fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣéènì fò, irin tó ń tì í láti gíà sí gíà wọ inú sípóòkù, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sì dúró gbagidi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n máa sáré lọ."

"Dúró ńbẹ̀! Kí wọ́n lè sọ pé ọmọ mi sáré wọlé bí olè?"

Ó kúnlẹ̀ sójú títì, ó ń fa irin. Ìgbà tí wọ́n máa fi ti kẹ̀kẹ́ dókè, wọ́n ti ti géètì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé gíà fún ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ gbọ́ ọ dé òpin. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn ti wà nínú ilé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò wá bi wá pé báwo ló ṣe lọ. Bàbá mi tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. "Ọmọ náà ò rí ìbéèrè kankan dáhùn. Orí ẹ̀ ò gbé ìwé." Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá wa wọ inú ilé lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti pè ní òpè létí gbogbo àdúgbò, ta ni yóò tún rán an lọ ṣe ìdánwò lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àgbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Ó tú gíà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ki sípóòkù tuntun bọ̀ ọ́, ó gé ṣéènì, ó sì fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn títí ṣéènì fi le, tó ku ìwọ̀n ìka kan péré tó fi rọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ láìdún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ni bàbá mi gbé mi sí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà. A dé kí wọ́n tó ṣí géètì.

Mo wọlé. Mo dé yunifásítì, mo sì fi gbogbo ayé mi kọ̀wé tí mo fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń ṣe ju ara wọn lọ. Wọ́n sanwó fún mi nítorí rẹ̀, wọ́n ní ojú mi mọ́ kedere.

A sin ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Èmi ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Orúkọ bàbá wa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà, n kò sì fẹ́ bà á jẹ́, nítorí náà mo kọ ọ́ pé, "Láti kékeré ló ti fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ju ìwé lọ." Wọ́n kà á sókè. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Alábàtà ń wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onígíà kiri báyìí, wọ́n ń tú gíà rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. N kò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi ì bá ti tún orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe, mo sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìgbà tó yẹ láti sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ tí wọ́n pè é ní òpè ti kú tán, òun náà ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n rí ni mo wá ń sọ ọ́ fún, nígbà tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́.