Ọjọ́ Tí Màmá Mi Kí Ọjà Sílíìkì

Òórùn léèsì tuntun ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Houston. Pálọ̀ wa ni ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Àlejò tó bá fẹ́ jókòó ní láti kọ́kọ́ bá páálí aṣọ du àga. Bí ọjà ò bá tà, màmá á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," wọ́n á tún aṣọ tò.

Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ọjà kọ̀, kò yá mọ́. Dádì mi, tí wọ́n ń ṣe ẹnjiníà ní Baytown, ní kí màmá pa aṣọ títà tì, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Màmá ò jiyàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa gbà.

Nígbà ọlidé, iṣẹ́ gbé dádì lọ sí Valencia, ní Spain, gbogbo wa sì bá wọn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a lọ wo ilé ńlá kan tí àwọn oníṣòwò sílíìkì ti ń nájà láyé àtijọ́. Àwọn òpó òkúta ibẹ̀ lọ́ bí okùn, wọ́n ga fíofío, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ sì tutù. Kò sí aṣọ kankan níbẹ̀ mọ́, àfi àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá o."

Dádì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Tóyìn, ta lò ń kí? There's nobody here now."

"Àwọn tó ni ọjà ni. Ṣé èèyàn á kàn já wọ ọjà ọlọ́jà láì kí wọn ni?" "Dádì Tóyìn, ẹ wo irú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń ta aṣọ. Ẹ̀yin ní kí n pa tèmi tì."

Dádì gbójú sókè wo òpó.

"Ó ti tó," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Tá a bá délé, a máa wá ṣọ́ọ̀bù gidi. I want my parlour back." Inú mi dùn débi pé mo fò mọ́ màmá.

Mo ti dàgbà ju màmá ìgbà yẹn lọ báyìí. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ilé wa ní Fulshear sì tóbi dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ rírán lọkàn mi wà láti kékeré, ó sì ń dùn mí pé mi ò ṣe é. Ọkọ mi ò ní kí n má rán an. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wù mí. Ọmọ tẹ́rù ń bà pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màmá rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa tirẹ̀ tì, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.