Páànù Tuntun Lórí Ilé Onílé

Suara ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá. Yàrá kan ló gbà ní Ìfàkò, òun àti Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Nusrat, ti wà nílé ọkọ. Èmi, tí àwọn náà ń pè ní Bàbá nítorí ọjọ́ orí mi, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Suara kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á kírun, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá yà kí i, á ní, "Ẹ jókòó. Ilé yín ni." Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí àgbàlagbà bá sọ fún ọ pé ilé ẹ nìyí, o kì í jókòó. Ọwọ̀ lo máa mú, kí o gbálẹ̀.

Onílé wa, Bàbá Dàwódù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú wa, ní yàrá iwájú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Bí o bá sọ fún un pé ilẹ̀kùn ti jẹrà, á ní, "Ṣé ó ṣì ń tì?" Bó bá ti ń tì, ọ̀rọ̀ parí.

Òrùlé ilé náà ti dípẹtà. Ìhà ọ̀dọ̀ Suara ló burú jù. Bí òjò bá rọ̀, omi á máa kán sórí ibùsùn wọn, ògiri á sì hu ebu. Sọ̀fíyàt ní ikọ́ fée. Ebu yẹn ló máa ń gbé e dìde. Bó bá dé sí i, á di irin fèrèsé mú, á máa wá èémí. Ohun tí Suara ń wá kò ju kí yàrá yẹn gbẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan ó lọ bá Bàbá Dàwódù. Mo wà níbẹ̀. Mò ń bá Bàbá gé èékánná ẹsẹ̀, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ti ń gbọ̀n. Suara dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, òjò ń pa wá nínú yàrá."

"Suara, ilé ta nìyí?"

"Ilé yín ni, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ilé ẹ ni. O ti pẹ́ níbí ju àwọn ọmọ mi lọ. Ilé ẹ wá ń jò, ò ń bọ̀ wá rojọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mò ń sùn síbẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rín ni Bàbá fi ń lé e lọ. Suara kò mọ̀. Ó dìde, inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tó gbọ́ ni pé àgbà ní ilé òun ni. Ọwọ̀ ló lọ mú.

Ó ra páànù tuntun ní Dópẹ̀mú, ó pe Jimoh kápẹ́ńtà. Wọ́n ṣí ti àtijọ́ kúrò lórí yàrá náà, wọ́n kan tuntun. Bàbá Dàwódù jókòó sábẹ́ wọn lórí àga, ó ń wò wọ́n. Kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tó sọ kò ju, "Ẹ má ju páànù mi nù," nígbà tí wọ́n ń kó ti àtijọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n tò ó sẹ́yìn ilé ìdáná.

Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Sọ̀fíyàt pè mí kí n wá gbọ́. Òjò ń ró lórí páànù. Kò wọlé.

Àmọ́ ibi tuntun yẹn ń dán. Bí oòrùn bá ràn, láti ìta gbangba lo ti máa rí i, ìyókù ilé sì pọ́n bí erùpẹ̀. Fàúsát tó ń ta omi tútù ní òdìkejì wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Láńlọ́ọ̀dù Suara, ẹ kú ilé o. Ẹ fún mi ní yàrá kan."

Suara dá a lóhùn, "Yàrá ti kún. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù."

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ọlọ́kadà ń pè é bẹ́ẹ̀. Suara ń dá wọn lóhùn.

Bàbá Dàwódù kú nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ọmọ́lé rán ajẹ́ńtì kan wá wo ilé. Ajẹ́ńtì kò mọ àdúgbò. Ó bi Fàúsát léèrè. Fàúsát nawọ́ sí páànù tó ń dán, ó ní, "Ilé Láńlọ́ọ̀dù Suara nìyẹn." Ajẹ́ńtì yí padà, ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó rán an.

Wọ́n wá fúnra wọn. Ọládiméjì ni àkọ́bí, Láídé ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n kí wa dáadáa. Suara bu omi fún wọn. Ó rò pé wọ́n wá wo ibi tó kù tó ń jò ni.

Ọládiméjì gbójú sókè. "Bàbá Nusrat, ẹ̀yin lẹ fi páànù yìí sí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí ẹ fi sí i?"

"Bàbá ni. Wọ́n ní ilé mi ni."

Mo wúkọ́. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láídé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ gbọ́ àbí? Ó ní Bàbá ní ilé òun ni."

"Mo gbọ́." Ọládiméjì kò pariwo. "Bàbá Nusrat, ẹ jù mí lọ. Bí wọ́n bá fún àlejò nílẹ̀ pé kó dáko, ṣé ó lè gbin obì sí i?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Obì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Tó bá yá, á ní ilẹ̀ di tòun."

"Páànù ńkọ́?"

Mo ní mo wà níbẹ̀, mo ní àwàdà ni Bàbá ṣe. Láídé yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin náà, ilé ta lẹ̀ ń gbé?"

Mo ní, "Ilé yín ni."

Wọ́n ní kí Suara yan ọ̀kan. Kó kó jáde, tàbí kó ṣí páànù rẹ̀ kúrò, kó dá ti bàbá wọn padà síbẹ̀, kí ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ má sí lórí ilé náà.

Suara ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin wá máa tún un ṣe?"

"A ò tíì pín ogún," ni Ọládiméjì wí. "A ò lè fọwọ́ kan ilé tí a ò tíì pín."

"Ìgbà wo lẹ máa pín in?"

"Ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá kejì ti lọ sí kóòtù."

Suara wá yàrá míì káàkiri Ìfàkò, ó dé Dópẹ̀mú. Iye tí wọ́n ń dá lé e kò ṣe é gbọ́ sétí. Ó padà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó kírun tán, ó gun orí ilé lọ. Kò pe Jimoh. Ó fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan páànù tó ti dípẹtà padà. Ihò ìṣó àtijọ́ wà lára rẹ̀, ó tún lu ihò míì sí i. Ajẹ́ńtì ní páànù tuntun náà kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nínú ọgbà. Ó gbé e fún Fàúsát. Ìsọ̀ Fàúsát kò jò mọ́. Láti ọjọ́ náà, Fàúsát kò pè é ní Láńlọ́ọ̀dù mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ebu hù. Ikọ́ náà dé, kò sì lọ. Nusrat wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí agboolé wọn. Suara kò lè bá wọn lọ. Ọlọ́jọ́ orí bíi tirẹ̀, bó bá fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́. Sọ̀fíyàt jókòó sínú mọ́tò.

"Ẹ má bá wọn jà o."

"Ta ni mo fẹ́ bá jà?"

Mo sọ fún un pé kó ra tapólì, kó ta á sábẹ́ àjà kó lè máa gba omi.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Inú yàrá ni."

"Inú yàrá ta ni?"

Ó ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí èèyàn bá yà kí i, á ní, "Ẹ jókòó." Kò sọ ìyókù mọ́.

Lánàá, òjò rọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí i lórí àpótí, ó ká ibùsùn sára ògiri, ó gbé ike síbi tó ń kán. Mo ní kó wá sùn lọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Tiyín náà ti ń jò, Bàbá."

Mo gbójú sókè wo òrùlé tèmi. Òótọ́ ni.