Àgọ́ Tí Bíríkìlà Pa

Ibùdó kan wà láàárín igbó àti odò, tí bọ́ọ̀sì kì í lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó débẹ̀ láti ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti máa ń wá pàgọ́, kí wọ́n sun ọjọ́ kan tàbí méjì, kí etí wọn sinmi lọ́wọ́ ariwo mọ́tò. Ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí, kó má sọ pé òun ò mọ Ìyá Eléèkàn. Òun ni olùtọ́jú ibẹ̀. Kì í ta èèkàn o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí àgọ́ àwọn àlejò ká lọ́sàn-án, kó fi ìka kan ṣoṣo fa okùn kọ̀ọ̀kan wò, kó sì wo èèkàn tí wọ́n so ó mọ́. Èyí tí kò bá dára, á fà á tu lójú ẹni tó kàn án, á ní kó tún un kàn. Lọ́yà kan bínú sí i lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé obìnrin yìí mọ ẹni tí òun jẹ́ ni. Ó dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, "Mo mọ̀ yín, sà. Atẹ́gùn ni ò mọ̀ yín." Lọ́yà tún èèkàn kàn.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó mọ ibi tí gbòǹgbò igi ti ń gún ènìyàn lẹ́yìn, ó mọ ibi tí oòrùn àárọ̀ ti kọ́kọ́ ń yọjú, ó mọ ibi tí odò máa ń kún dé bí inú bá bí i. Nínú gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni kò tíì sùn nínú àgọ́ níbẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ni.

Ẹ má tíì dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Bíríkìlà ni. Ilé tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nígboro kò lóǹkà, kò sì yé e bí ẹni tó ní òrùlé lórí ṣe máa lọ sùn sábẹ́ aṣọ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń di ẹrù lọ́jọ́ Jímọ̀, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á jókòó, á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko o." Ìyàwó á ní, "Mo gbọ́, Bàbá wọn. Ọbẹ̀ wà nínú fìríìjì." Á gbé àpò kọ́ èjìká, ó di ọjọ́ Ajé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ọ̀gá ibùdó fi pe Ìyá Eléèkàn sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá yìí, obìnrin tí kò ju àkọ́bí Ìyá Eléèkàn lọ lọ́jọ́ orí ni, ó sì mọ ọ̀wọ̀ àgbà.

"Mà, mo ń lọ síbòmíràn," ó ní. "Wọ́n ní kí n mú ẹni tó máa gba ipò mi. Ẹ̀yin ni mo mú."

Ìyá Eléèkàn rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ pé kò sẹ́lòmíràn tí ipò náà tọ́ sí.

"Ó kan ku ohun kan. Ẹni tó bá jẹ́ olórí gbọ́dọ̀ máa gbé níbí ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí àlejò ń wá. Ilé ò sí, àgọ́ ni. Ṣùgbọ́n tọkọtaya lè jọ gbé inú ẹ̀. Ẹ fún mi lésì ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú."

Ìyá Eléèkàn jáde, ó ń rò ó. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà, ó fẹ́ ẹ gan-an. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́tọ̀, oṣù mẹ́fà lọ́tọ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò sì ní í fi í sílẹ̀ fún ìdajì ọdún torí pé wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá. Bí ọkùnrin náà bá kọ̀, òun náà á kọ̀.

Ohun tó sọ fún un nílé nìyẹn. "Ẹ wá sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tẹ́ ẹ bá ní rárá lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní gba iṣẹ́ ọ̀hún, mi ò sì ní í torí ẹ̀ bá yín jà."

Bíríkìlà ní, "Èmi ni màá pa àgọ́ yẹn fúnra mi."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tòun ti ṣọ́bìrì, òòlù, àti okùn tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bí ògiri bá dúró ṣánṣán. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá máa ṣe nǹkan, kó ṣe é dáadáa. Ó yan ibì kan lẹ́bàá odò, ó ro ó, ó kó òkúta rẹ̀ kúrò, ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ da kọnkéré. Wákàtí méjì gbáko! Àwọn àlejò gbé tíì lọ́wọ́, wọ́n wá ń wòran. Ó na àgọ́ ró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèkàn. Bó bá ti kan ọ̀kan, á fi òjé wọ̀n ọ́n, á rí i dájú pé ó dúró ṣánṣán, kó tó bọ́ sórí òmíràn.

Ìyàwó rẹ̀ rọra sún mọ́ ọn. "Bàbá wọn, èèkàn kì í dúró báyẹn. Ẹ jẹ́ kó fì sẹ́yìn, kí orí ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ́lé. Ohun tó bá ti fì, wíwó ló kù."

Ìka ń yún un láti fà á tu. Ṣùgbọ́n níṣojú àwọn àlejò, ẹni tí kò wojú lọ́yà wojú ọkọ rẹ̀. Ó fi èèkàn méjèèjìlá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èmi ò rò pé ó tíì ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, atẹ́gùn dìde láti orí odò. Gbogbo àgọ́ mì, wọ́n dúró. Ti bíríkìlà nìkan ni èèkàn rẹ̀ ń fò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àgọ́ sì gbéra, ó yí gbirigbiri wọ inú igbó, ó lọ há sórí ẹ̀ka igi. Ọkùnrin náà dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Ilẹ̀ yẹn ní tirẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì lọ já àgọ́ bọ̀ láti orí igi, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èèkàn kan. "Ó dáa. Fi hàn mí."

Ó fi hàn án. Ìgbà tí wọ́n kan èèkàn kẹta tán ni bíríkìlà sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Ìyá wọn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó o fi ń gbé àpò jáde nílé, ṣé èmi kọ́ lò ń sá fún?"

Òòlù dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ni mo rò ó. Mo ní tóbìnrin bá ti rí ibi tó ti ń sinmi lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, ọkọ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀. Ìdí tí mi ò fi wá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn, ẹnu lásán ni."

Ó dùn ún wọra. Òun ti rò láti ọjọ́ yìí pé iṣẹ́ òun ni ọkọ òun ò kà sí.

"Ọdún mọ́kànlélógún!" ó ní. "Ẹ ò lè bi mí lẹ́ẹ̀kan?"

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o pè mí lẹ́ẹ̀kan pé ká jọ lọ kí iṣẹ́ ọ̀gá yìí tó dé?"

Lóòótọ́, kò pè é rí. Ọbẹ̀ inú fìríìjì nìkan ló máa ń sọ fún un. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, wọ́n sì kan èèkàn mẹ́sàn-án tó kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá bá wọn níwájú àgọ́, níbi tí Ìyá Eléèkàn ti ń po tíì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ti rò ó?"

Kó tó dáhùn, bíríkìlà fi ẹ̀yìn rá jáde nínú àgọ́, irun rẹ̀ rí játijàti. "Ọ̀gá, ó máa gbà á," ó ní. "Èmi náà á bá a gbé níbí. Àmọ́ ọjọ́ tó bá fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi, kó má fi bò mí. Màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, tó bá pè mí, màá padà wá."

Ìyá Eléèkàn gbé ife tíì àkọ́pò lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá kọjú sí ọ̀gá.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni méjì ni," ó ní. "Bọ́ọ̀sì kankan ò ní í gbé ọkọ mi lọ síbì kankan."