Ẹni Tó Dúró fún Mi ní Ìkòsì

Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìkòsì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, báàfù mẹ́ta, okùn kan àti ọwọ́ mi méjèèjì ni gbogbo ohun èlò mi. Láti Ìsẹ́yìn ni mo ti wá bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí mi ò tètè ríṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì àdúgbò wa, àwọn tó máa ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í ráyè fọ síńgílẹ́ẹ̀tì pàápàá.

Alágbàfọ̀ kan ti wà ládùúgbò náà kí n tó dé. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Daddy ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo so okùn mi ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n jáde, wọ́n wo okùn, wọ́n wò mí, wọ́n sì wọlé padà. Látọjọ́ náà, bí mo bá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," "hùn-ún" ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Ìgbà tí lọ́yà kan tó jẹ́ oníbàárà wọn wá kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi, "hùn-ún" náà dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré ní Gbàgádà wá kí àbúrò rẹ̀ nínú ilé wa. Ó rí léèsì funfun tí mo sá, ó dúró.

"Aunty, ṣé ẹ lè máa fọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ọgbọ̀n lóòjọ́?"

Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. Mo ní, "Kí ló dé tí mi ò ní lè fọ̀ ọ́, sà?"

"Ó dáa. Ẹ múra sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí àsìkò yìí, màá kó wọn wá."

Ìgbà tí mo wọlé ni ojú mi wálẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ mi ò sì ju méjì lọ. Àfi kí n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa fún ọdún kan àbọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé nínú ọgbà onílé kan, tí oníkálukú á dá ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ rí èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ tó máa dúró fún un, torí bó bá sá lọ, àwọn ló máa san án.

Mo dìde, mo ṣàlàyé. Alága wa, ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12, béèrè pé, "Ta ló máa dúró fún un?"

Aládùúgbò mi tó ń ṣe irun nawọ́ sókè kíá. Ó wá ku ẹnì kan. Lójijì, gbogbo èèyàn rántí pé àwọn ní fóònù. Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn.

"Èmi náà dúró fún un."

Daddy ni!

Alága bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Daddy, ṣebí iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe?"

"Ìyẹn gan-an ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí ìpàdé tú, mo sáré bá wọn, mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo rò pé ẹ kórìíra mi ni."

"Mi ò kórìíra ẹ. Inú ló ń bí mi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Lọ́yà yẹn kọjá níwájú mi, mo ní kó jẹ́ n wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ìdọ̀tí ọrùn yẹn jà, kò lọ. Ìwọ fọ̀ ọ́, ó lọ. Ẹni tí kò jẹ́ kí ìdọ̀tí ọrùn aṣọ borí òun, ṣé ìyẹn ló máa sá nítorí owó ẹgbẹ́?"

Mo ra ẹ̀rọ náà, tòkunbọ̀ ni. Ilẹ̀ yàrá wa ò tẹ́jú, bó ṣe ń yí aṣọ ló ń rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó lé e lórí, àwọn ará ilé sì ń fi fóònù yà mí.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Nígbà tí mo kó aṣọ òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ jáde, gèlè pupa mi ti wà láàrin wọn, gbogbo ṣíìtì funfun ti di píńkì. Ẹkún ni mo sun dé ṣọ́ọ̀bù Daddy.

"Ṣé o ti sá wọn?"

"Rárá, sà."

"Ọlọ́run ṣeun. Má jẹ́ kí oòrùn kàn wọ́n, tó bá gbẹ mọ́ ọn lára, kò ní lọ mọ́."

Wọ́n gbé blíìṣì, a pín àwọn ṣíìtì náà sínú báàfù, a rẹ wọ́n, a fi omi ṣàn wọ́n, a tún rẹ wọ́n. Díẹ̀díẹ̀, funfun yọjú. Daddy tún bá mi lọ̀ wọ́n. Nígbà tí ọlọ́tẹ́ẹ̀lì dé, ó fọwọ́ ra ṣíìtì kan.

"Ta ló lọ èyí?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní èmi ni. Mo nawọ́ sí Daddy.

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣe é. Kí n máa fọ̀, kí ẹ máa lọ̀."

Wọ́n ní àwọn á rò ó. Lọ́jọ́ kejì, n ò tíì fọ eyín tán tí áyọ́ọ̀nù wọn ti wà lórí tábìlì mi.

A san owó ẹgbẹ́ pé ṣáká. A jọ yá òmíràn, a fi ra jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ kejì. Ní báyìí, a ń fọṣọ fún ilé ìwé kan ní Anthony pẹ̀lú, a sì ti gba obìnrin méjì síṣẹ́. Tí Daddy bá lọ kí Jímọ̀, èmi ni mò ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ni.

Lóṣù tó kọjá, Daddy ra agboòrùn ńlá kan fún mi, wọ́n ní mo ti ń dúdú jù. Inú bí mi díẹ̀. Mo ṣí i, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀.