Ọwọ́ Méjì Ni A Fi Sọ Kámẹ́rà Nù Sódò Ògùn

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn odò yìí, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ife omi kan. Ilé mi ní Ìgbẹ̀ìn ni ó ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ Ajé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọmọ àbúrò mi, obìnrin ni, dé láti òkè òkun ní àná ọjọ́ náà. Ó gbé omi wá fún mi, ọwọ́ òsì ló sì fi gbé e, nítorí fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. N kò gbà á.

"Bàbá, omi yín nìyí."

"Mo rí omi. Ọwọ́ tó gbé e wá ni n kò tíì mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù sórí àga, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Mo mu ún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ yìí ni kí ó máa wọ inú omi. Ó ń pọn sílíńdà atẹ́gùn sẹ́yìn, ó ń wọ bàtà tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń ya àwòrán ẹsẹ̀ afárá àti ìdí ọkọ̀ ojú omi fún àwọn tó ni wọ́n. Ó fẹ́ ya àwọn tó ń wa yanrìn nínú Odò Ògùn, àwọn tó ń fi èémí lásán gbé korobá lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe ìyẹn, ó lọ sí Kẹmta, ó fi kámẹ́rà tó máa ń gbé wọ inú omi gba ohùn ìyá àgbà wa sílẹ̀.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni ìyá yìí. Aláró ni tẹ́lẹ̀. Èékánná rẹ̀ ṣì dúdú títí di òní. Òun nìkan ló kù nínú àwọn obìnrin ilé tó mọ oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa ìyókù, ìlà mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fi ń jí wa láàárọ̀ nígbà èwe la mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ké e fún ọmọ yìí. Ó pẹ́ kí ó tó parí, nítorí èémí rẹ̀ kò gùn mọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ó ti bọ́ lọ́rùn mi. Ẹ tọ́jú ẹ̀."

Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí a jẹ́ kí iná dé. Iná kò dé lọ́jọ́ náà, kò sì dé lọ́jọ́ kejì. Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ sódò.

Ọ̀gá àwọn tó ń wa yanrìn níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún, tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Ó wo gbogbo ẹrù tí ọmọ mi ń dè mọ́ra.

"Àǹtí, ẹ̀yin di atẹ́gùn bí oúnjẹ ọ̀nà. Àwa, a ti jẹun kí a tó kúrò nílé."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa pẹ́ jù nísàlẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ta ló máa rí yanrìn gbé bọ̀?"

Ẹni tó ń tukọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ ti ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà yẹ kámẹ́rà wò. Inú àpótí ike tí omi kì í wọ̀ ló wà. Ìkọ́ irin so ó mọ́ okùn, okùn so mọ́ àyà ọmọ mi, léfòó kékeré kan, ike tí kì í rì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, sì wà lára okùn náà. Ó ní ó dára. Okùn korobá tirẹ̀ ńkọ́? Ara ọkọ̀ ni ó so ó mọ́.

Wọ́n wọ omi. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo ibi tí èémí ọmọ mi ti ń hó wá sókè. Ó pẹ́ kí ó tó yọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di etí ọkọ̀ mú. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ òsì. Mo na ọwọ́ kí n bá a gbà á, kí ó lè gòkè. Mo rí i tó wo ọwọ́ òsì yẹn, tó sì wò mí. Ó tú ìkọ́ kúrò lára okùn, ó fi etí ọkọ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kámẹ́rà sókè.

"Bàbá, ẹ gbà."

Omi fà á sẹ́yìn, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ìka mi kan ike náà, ó sì yọ̀. Ó bọ́ sáàárín wa, kò tilẹ̀ dún. Léfòó ń mì lójú omi pẹ̀lú okùn òfìfo.

Lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ń tukọ̀ ri ọ̀pá oparun rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti bọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: ọ̀pá ni wọ́n ń kọ́kọ́ rán wọ omi kí ènìyàn tó wọ̀, nítorí ọkọ̀ ń rìn, ojú kì í sì í mọ ibi tí nǹkan bọ́ sí mọ́. Ọ̀gá wọ omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, títí atẹ́gùn rẹ̀ fi fẹ́ tán. Kòtò ni ibẹ̀ nítorí yanrìn tí wọ́n ti wà, tuntun sì ń ya sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

"Ó ti bò ó," ni ọ̀gá wí. Ó nu ojú. "Kí ló dé tí ẹ tú u, Àǹtí?"

Èmi ni mo dáhùn. "Nítorí tèmi ni."

Ọ̀gá ronú sí i. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ni àgbà lórí ilẹ̀. Tí a bá dénú omi, okùn ni àgbà. Ọwọ́ tó bá ṣófo la fi ń gbé nǹkan fún ara wa. Ẹni tó ń gbà á máa kọ́kọ́ so ó mọ́ tiẹ̀, á ní 'Mo ti so ó,' kí ẹni tó ń fún un tó tú tiẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a lọ sí Kẹmta. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó sọ bó ṣe rí, láti orí ife omi dé orí odò. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ọwọ́ méjèèjì lo fi gbé e fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó kọjú sí mi. "Ọmọ ọkọ mi, ṣé omi lo ń mu ni, àbí ọwọ́?"

Ó ní kí wọ́n gbé fóònù sórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké oríkì náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dé orí bàbá bàbá mi, ó dúró. A dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní èémí ló tán, kí a padà wá lọ́la. A padà lọ́la, a padà lọ́túnla. Ibi kan náà ló ń dé tó ń dúró. Ó ní òun mọ̀ pé ó kù, òun kò mọ ibi tó gbà.

Ìdajì ló wà lọ́wọ́ wa. Ìdajì kejì wà lábẹ́ yanrìn, tàbí kí korobá ti gbé e, kí ó ti di búlọ́ọ̀kù lára ilé ẹnìkan.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń lọ, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Kútọ̀. Ó ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí ó tó rántí fláàṣì kékeré tó da ohùn ìyá sí fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ẹrù mú lórí ẹsẹ̀, ó sì fi òsì na fláàṣì náà gba ojú fèrèsé, okùn wà nídìí rẹ̀. Mo wé okùn náà mọ́ ìka mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti so ó," ni mo wí.

Ìgbà náà ló tó fi sílẹ̀.